Gbígbé ìtọ́jú ìlera ọpọlọ kúrò nínú kiliníìkì lọ sórí fóònù: ìtọ́sọ́nà fún ilé ìwòsàn kékeré

Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ti Èkó àti Àbújá pa nítorí àrùn kòrónà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ náà, àwọn tí oògùn wọn ti fẹ́ tán, àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí ó wà nínú wọn fún olùtọ́jú, gbogbo wọn wà nínú ilé. Àwa tí à ń tọ́jú wọn gbé fóònù láìní ètò kankan, a sì ń kọ́ iṣẹ́ náà lórí àwọn aláìsàn, èyí tí kò dára. Kòrónà ti lọ, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń pe aláìsàn lórí fóònù kò lọ. Owó ọkọ̀ ti wọ́n, àwọn dókítà ọpọlọ tí ó wà ní Nàìjíríà kò tó nǹkan rárá, àwọn ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà. Ẹni tí ó bá ti Ìgbẹ́tì wọ ọkọ̀ wá rí dókítà n'Íbàdàn yóò fi odidi ọjọ́ kan ṣòfò fún ìjókòó tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ilé ìwòsàn kékeré tí ó fẹ́ gbé apá kan iṣẹ́ rẹ̀ sórí fóònù ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, ìyẹn ibi tí dókítà kan, nọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta, àti ẹni kan tí ó ń bójú tó fáìlì wà. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀rọ kọ́ ni ó máa ń ba ètò náà jẹ́. Yàrá kiliníìkì ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí iṣẹ́, nítorí ògiri, ilẹ̀kùn àti àga ni ó ń ṣe é. Bí a bá kúrò nínú yàrá náà láìfi iṣẹ́ wọ̀nyẹn lé ẹnì kankan lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò ṣe wọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ ka iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe

Kí ẹ tó ra fóònù tuntun tàbí kí ẹ tó bá oníkọ̀ǹpútà kankan sọ̀rọ̀, ẹ fi ọ̀sán kan tẹ̀lé aláìsàn kan láti ẹnu géètì títí di ìgbà tí yóò fi jáde, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ọlọ́dẹ kí i, ó sì rí i pé kò dáhùn bí ó ṣe máa ń dáhùn. Nọ́ọ̀sì rí i pé bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, pé ó rù ju ti oṣù tí ó kọjá lọ, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó bá a wá lónìí dípò ìyàwó rẹ̀. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ẹni tí ó jókòó tì í sì gbọ́ pé ó ń dá sọ̀rọ̀. Dókítà pa ilẹ̀kùn dé, kò sí ará ilé tí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tí ó parí, ó gba oògùn ní fèrèsé, wọ́n sì kọ ọjọ́ mìíràn sínú káàdì rẹ̀.

Ẹ fi ìlà pín ìwé kan sí méjì. Ẹ kọ àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sí apá òsì, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò máa ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sí apá ọ̀tún bí aláìsàn bá wà nílé tirẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni mo ní kí ẹ kọ. Bí ẹ bá kọ “kiliníìkì” tàbí “áàpù” síbẹ̀, a jẹ́ pé ẹ kò tíì fi iṣẹ́ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí ó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, apá ọ̀tún ìwé yẹn ni.

Kì í ṣe òní ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ènìyàn lẹ́yìn ògiri ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1954, ní Arò lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn aláìsàn fi ń gbé nínú ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, tí wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ohun tí ó mú ètò náà dúró ni pé ẹnikẹ́ni kò lè dá wá: ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá láti máa dáná fún un kí ó sì máa mójú tó o. Ẹ fi ìbéèrè kan náà ṣe ìpìlẹ̀ ètò orí fóònù yín. Ta ni ó wà pẹ̀lú ẹni yìí, ṣé ó sì mọ̀ pé òun ni a gbẹ́kẹ̀ lé?

Ta ni ó lè lọ sórí fóònù, ta ni kò gbọ́dọ̀ lọ

Ẹ gbé fáìlì gbogbo àwọn tí ẹ ń tọ́jú kalẹ̀, kí dókítà àti nọ́ọ̀sì jọ ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó rọrùn láti gbé lọ ni àwọn tí ẹ ti mọ̀ dáadáa, tí ara wọn ti balẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sókè, tí wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé, tàbí tí ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni ìtọ́jú wọn. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn ń dà láàmú sábà máa ń ṣe dáadáa lórí fóònù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọn kò lè sọ ohun kan lójú dókítà, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè sọ ọ́ nígbà tí ojú kò bá kan ojú.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́rin tí ó sì ń ná owó bí ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́, ẹni tí ó ti dákẹ́ tí kò jẹun tí kò sì mu omi, kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ wá kí ẹ fojú rí wọn. Èmi kì í gbà kí ìpàdé àkọ́kọ́ jẹ́ ti orí fóònù àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá. Àìsàn ara máa ń fara jọ àìsàn ọpọlọ: ibà líle, ìtọ̀ ṣúgà, wárápá àti ọgbẹ́ inú orí lè mú kí ènìyàn máa sọ ìsọkúsọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi etí nìkan mọ èyí tí ó jẹ́.

Ẹgbẹ́ kẹta ni a máa ń gbàgbé. Ilé fúnra rẹ̀ ni ewu wọn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, tí ọkọ náà sì ń yẹ fóònù rẹ̀ wò, àti ọmọdé tí ẹ fura pé ẹnì kan nínú ilé ń fìyà jẹ, kiliníìkì lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn nítorí pé ìpè fóònù dín owó kù.

Ìwé àṣẹ àti ìfọwọ́sí

Òfin ìlera ọpọlọ ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2021 ṣùgbọ́n tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2023, fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ nípa ìtọ́jú rẹ̀, láti lóhùn sí i, kí a sì pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún kiliníìkì kékeré kò le. Ẹ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lójúkojú, ní èdè tí ó gbọ́, kí ẹ ṣàlàyé pé orí fóònù ni ìtọ́jú yóò ti máa wáyé, pé ó lè kọ̀ kí ó sì máa wá bíi ti tẹ́lẹ̀, pé ẹ kò ní gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àti orúkọ àwọn tí ẹ lè pè bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu. Kí ó buwọ́ lù ú tàbí kí ó tẹ àtàǹpàkò.

Fóònù kiliníìkì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ fóònù ẹnikẹ́ni. Ẹ ra ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ó máa sùn nínú káńbọ́ọ̀dù tí ó ní àgádágodo. Òótọ́ ni pé WhatsApp máa ń ti ọ̀rọ̀ pa láti orí fóònù kan dé èkejì débi pé ẹni tí ó wà láàárín kò lè kà á, ṣùgbọ́n kò lè dí ojú ẹni tí ó bá gbé fóònù aláìsàn sórí itan.

Mo kọ́ èyí nínú àṣìṣe. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí obìnrin kan pé kí ó má gbàgbé ọjọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ. Fóònù náà wà lórí tábìlì nínú pálọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ni ó kọ́kọ́ rí i. Obìnrin náà kò padà wá mọ́, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ wa kì í ju “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, ṣé a lè pè yín ní aago mẹ́wàá lọ́la?” A sì máa ń bi aláìsàn ní orúkọ tí yóò fi nọ́ńbà wa pamọ́ sínú fóònù rẹ̀. Àwọn kan fi pamọ́ bí aránṣọ, àwọn kan bí ẹgbẹ́ àjọ.

Ẹ máa kágò

Nínú kiliníìkì, àwa ni onílé, àwa ni à ń sọ pé “Ẹ káàbọ̀.” Nígbà tí a bá pe aláìsàn lórí fóònù, ó ti yí padà: àwa ni a wọ ilé rẹ̀. Yorùbá kì í sì í ṣàdédé wọ ilé onílé. À ń kágò, a ó sì dúró kí wọ́n tó dá wa lóhùn pé “Àgò yà.” Nítorí náà, ìpè kúkúrú kan gbọ́dọ̀ ṣáájú ìpè dókítà. Nọ́ọ̀sì ni yóò pè é, kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ìbéèrè mẹ́ta ni yóò sì bèèrè nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ àná ni wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Níbo lẹ wà báyìí? Ta ni ó wà nítòsí tí ó lè gbọ́ wa? Bí ìlà bá já, nọ́ńbà wo ni kí n pè?

Ìbéèrè kejì ni ó ṣòro jù, nítorí ẹni tí ẹnì kan ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè sọ pé ẹnì kan ń gbọ́ òun. Ẹ jọ fẹnu kò sórí gbólóhùn kan ṣáájú, kí ó jẹ́ ohun tí ó bá iṣẹ́ tàbí ìgbé ayé ẹni náà mu. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé aláìsàn wa ni Ìyá Bọ́sẹ̀, tí ó ń ta ẹ̀wà sísè.

“Àgò o, Ìyá Bọ́sẹ̀. Ẹ kú ilé mà.”

“Àgò yà. Ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Níbo lẹ wà báyìí mà?”

“Ilé ni mo wà.”

“Ṣé a lè sọ̀rọ̀?”

“Háà, ẹ̀wà ti tán o, àfi lọ́la.”

“Kò burú mà. N ó pè yín ní aago méjì.”

Ẹni tí ó jókòó tì í kò gbọ́ nǹkan kan ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ. Ẹ fi gbólóhùn kejì kún un fún ewu gidi, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ẹ má gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ rán ènìyàn wá. Ó lè jẹ́ “Ẹ bá mi tọ́jú owó àjọ mi.” Inú fáìlì ni kí ẹ kọ gbólóhùn méjèèjì sí, kí ẹni tí yóò pè sì kà wọ́n kí ó tó tẹ nọ́ńbà, torí ìtìjú ńlá ni kí aláìsàn sọ ọ́ kí nọ́ọ̀sì sì máa bèèrè pé ẹ̀wà wo.

Ní ti ibi tí aláìsàn yóò jókòó, ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó “wá yàrá tí ó dákẹ́.” Ènìyàn mẹ́fà ń gbé yàrá kan, yàrá mẹ́wàá sì dojú kọ ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ bá a ronú lórí ibi gidi: inú mọ́tò tí a gúnlẹ̀, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, abẹ́ igi lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ. Àwọn kan ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni tí ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Ètò pàjáwìrì kí pàjáwìrì tó dé

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ojú ewé kan tí yóò wà níwájú fáìlì. Kí ó ní àdírẹ́sì bí ọlọ́kadà yóò ṣe yé e, torí nọ́ńbà ilé kò mú ẹnikẹ́ni débì kankan ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa. Ẹ kọ ọ́ pé ó wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí, ilé aláwọ̀ ewé, yàrá kejì láti ẹnu ọ̀nà. Kí ó ní orúkọ àti nọ́ńbà ẹni méjì tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yàn, kí ọ̀kan nínú wọn lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ó ní ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn jù tí ó ń ṣí lóru. Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè ni 112, Èkó sì tún ní 767, ṣùgbọ́n aládùúgbò tí ó ní mọ́tò ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé.

Ẹ pe àwọn ẹni méjì náà kí ewu tó dé, lójú aláìsàn, kí wọ́n gbọ́ ohùn yín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ó bi wọ́n àti ohun tí ẹ kò ní bi wọ́n.

Lórí ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni, ẹ bèèrè tààrà. Bíbèèrè kì í gbìn ín sí ènìyàn lọ́kàn. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Yorùbá ti máa ń bẹ̀rẹ̀, pé, “Ṣé ó máa ń ṣe yín bíi pé kí ẹ kúkú sùn kí ẹ má jí mọ́?” Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, “Ṣé ẹ ti rò ó pé kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gba ẹ̀mí ara yín? Ṣé ẹ ti mọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà? Ṣé ohun náà wà lárọ̀ọ́wọ́tó yín báyìí?” Bí ìdáhùn bá fi hàn pé ewu ti sún mọ́, ìpè náà kò gbọ́dọ̀ parí kí ẹlòmíràn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni fóònù kejì ṣe gbọ́dọ̀ wà nínú kiliníìkì: bí ẹnì kan bá ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ẹnì kejì yóò máa pe ẹbí, yóò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kó oògùn àti oògùn apakòkòrò kúrò nílé.

Ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó pe ọlọ́pàá. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún láti ayé òyìnbó ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè yọrí sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Aláìsàn mọ̀, ẹbí rẹ̀ náà mọ̀, ìbẹ̀rù èyí sì ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́. Ẹ sọ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ilé ìwòsàn ni ẹ ó gbé e lọ.

Oògùn

Ibí yìí ni fóònù ti máa ń kọsẹ̀ jù. Abẹ́rẹ́ tí à ń gún lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kò ṣeé fi ránṣẹ́ lórí ìlà. Ẹ wá ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó wà ní àdúgbò aláìsàn, kí dókítà kọ lẹ́tà sí nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ abẹ́rẹ́ sínú ìwé yín, kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọ̀hún láti mọ̀ bóyá aláìsàn dé. Ẹni tí ó ń lo lithium, oògùn tí ń mú ìṣesí ẹni dúró, gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé bí òun bá ń bì, bí inú òun bá ń ṣu, tàbí bí ọwọ́ òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀, òun gbọ́dọ̀ pe dókítà lọ́jọ́ náà, nítorí bí omi bá gbẹ lára, oògùn náà lè di májèlé nínú ẹ̀jẹ̀. Clozapine, oògùn àìsàn ọpọlọ líle tí oògùn mìíràn kò ràn, kò ṣeé fún ẹni tí kò lè ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Olanzapine, tí òun náà jẹ́ oògùn àìsàn ọpọlọ, máa ń mú ènìyàn sanra, ó sì lè gbé ṣúgà sókè. Kẹ́míìsì tí ó ní òṣùwọ̀n àti ẹ̀rọ ìfúnpá lè ràn yín lọ́wọ́ lóṣooṣù.

Oríṣi àwọn oògùn kan, bíi haloperidol, máa ń mú kí ara le, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí itọ́ máa dà. Bí ó bá jẹ́ ìpè onífídíò, ẹ ní kí aláìsàn na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà kí ó sì padà. Bí ó bá jẹ́ ohùn lásán, ẹ bi ará ilé pé ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ṣé ìrọ̀rí rẹ̀ máa ń tutù láàárọ̀. Ìbéèrè ìrọ̀rí yẹn ti ràn mí lọ́wọ́ ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo kọ́ ní iléèwé lọ.

Nítorí pé aláìsàn kò ní wá mọ́, ó máa ń wu ènìyàn láti kọ oògùn oṣù mẹ́ta fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá ti ronú ikú rí kò gbọ́dọ̀ ní oògùn tí ó pọ̀ nílé, pàápàá amitriptyline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan tí àpọ̀jù rẹ̀ lè dá ọkàn dúró. Ẹ fún un ní ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ìbátan tí ó yàn sì máa tọ́jú rẹ̀.

Ìpè fúnra rẹ̀

Ẹ fi ohùn ṣe ìpìlẹ̀, kí fídíò jẹ́ àfikún. Ohùn kì í jẹ dátà, kò sì nílò fóònù ńlá. Bí ẹ bá lo fídíò, ẹ má ṣe fi ojú ṣe òdiwọ̀n bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nínú ìwé òyìnbó: ọmọ tí a kọ́ kì í tẹjú mọ́ àgbà, kì í ṣe pé ó ń fi nǹkan pamọ́.

Lójúkojú, a lè dákẹ́ kí aláìsàn sunkún tẹ́rùn. Lórí fóònù, ìdákẹ́jẹ́ dà bí ìlà tí ó já, aláìsàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké “Hẹ́lòó, hẹ́lòó” láàárín ẹkún. Ẹ sọ fún un níbẹ̀rẹ̀ pé bí ẹ bá dákẹ́, ẹ wà níbẹ̀, kí ẹ sì máa fi “hẹn” àti “mo ń gbọ́ yín” kún àlàfo náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà bá já lóòótọ́, àwa ni yóò pè padà, kì í ṣe aláìsàn. Ìgbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà a ó pe nọ́ńbà kejì.

Ẹ tẹ́tí sí èdè ara. Ẹni wa tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ kì í sábà sọ pé òun ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Yóò ní orí ń gbóná, àyà ń já, ó dà bíi pé kòkòrò ń rìn nínú orí òun. Lójúkojú, ẹ lè rí ìbànújẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Lórí fóònù, ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, tí a fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ṣeé lò lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá ni ó ń bèèrè, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 27, ẹni tí ó bá sì ní 10 sókè yẹ fún àyẹ̀wò dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ka ìdáhùn mẹ́rin sí etí ènìyàn lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó dé ẹ̀kẹrin yóò ti máa sọ “bẹ́ẹ̀ ni” sí gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìwé tí a tẹ̀ kún káàdì rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá wá, kí ó máa wò ó bí ẹ ṣe ń kà. Ìbéèrè kẹsàn-án ni ti ikú. Ẹ má ṣe yára kà á, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ nítorí pé àkókò ti lọ.

Owó, iná àti àwọn tí ó ti kọjá òkun

Kí aláìsàn san owó ṣáájú ọjọ́ ìpè, kí ẹnikẹ́ni má baà máa dúnàádúrà pẹ̀lú ẹni tí ń sunkún. Ẹ ṣọ́ orúkọ tí ó ń jáde lórí àlátì báńkì, nítorí àṣírí tí ẹ ti pa mọ́ lórí àtẹ̀jíṣẹ́ lè tú níbẹ̀. Kiliníìkì ni kí ó máa pe aláìsàn, kí owó ìpè má baà wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ gba agbára sínú páwà báǹkì ní alẹ́, kí ẹ sì ní káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, wọ́n sì fẹ́ kí dókítà wọn nílé máa bá wọn lọ. Ibi tí aláìsàn jókòó sí ni òfin sábà máa ń wò. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ tí aláìsàn wà ni ó ń fún dókítà ní àṣẹ. Ní Bìrìtìkó, dókítà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àjọ tí ń ṣàkóso àwọn dókítà ibẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà kíkún fún un kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ó ní orúkọ oògùn gan-an dípò orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, àti ohun tí ẹ ti dán wò tí kò ṣiṣẹ́. Bí ó bá pè yín láti ibẹ̀, ẹ kí i, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì bi í pé ṣé ó ti rí dókítà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn mẹ́wàá

Kí aláìsàn kankan tó wọ inú ètò yìí, ẹ fi ọjọ́ kan pe ara yín láti yàrá sí yàrá. Kí ẹnì kan ṣe aláìsàn, kí ó sọ gbólóhùn ẹ̀wà náà, kí ó pa fóònù láàárín ọ̀rọ̀ ikú, kí ẹ sì wo ẹni tí yóò gbé fóònù kejì. Lọ́jọ́ tí àwa ṣe é, ènìyàn mẹ́ta ni ó sáré sí fóònù kan náà, kò sì sí ẹni tí ó pe ẹbí.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ènìyàn mẹ́wàá nínú àwọn tí ara wọn balẹ̀ jù, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Ẹ má ṣe fi ju ènìyàn mẹ́fà sí ọrùn olùtọ́jú kan lọ́jọ́ kan, kí ó sì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ìpè méjì, nítorí kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yóò rìn gbà láti gbé ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ó tó gbọ́ ti ẹni kejì. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wá sí kiliníìkì ní ẹ̀ẹ̀kan, ó kéré tán, láàárín oṣù mẹ́ta náà, kí ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ẹ rí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ gbé ìwé tí ẹ fi ìlà pín sí méjì jáde. Ẹ ka iye ìpè tí kò lọ, iye tí ó já, iye abẹ́rẹ́ tí ó kọjá ọjọ́ rẹ̀, àti iye ènìyàn tí ó ní kí ẹ dá òun padà sí kiliníìkì. Àwọn tí wọ́n ráhùn kò tíì sọ nù. Orúkọ tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá nínú ìwé náà ni ti ẹni tí kò gbé fóònù ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra tí ẹni méjì tí ó yàn náà kò sì rí i. Kí nọ́ọ̀sì mú ojú ewé àdírẹ́sì rẹ̀, kí ó sì dé ilé aláwọ̀ ewé tí ó wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.